Bàbá Wa Bàbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yìnyín bo gbogbo òpópónà Butte.
Lempi Kangas fi èjìká ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa,
ó gbá agolo kọfí kan máyà bí ọmọ tára rẹ̀ ò yá.
Kò kí wa. Ó gbé e ka orí gíláàsì,
ó ní, "Ẹ wò ó. Ẹ má purọ́ fún mi."

Èmi ni mo máa ń wọ̀n. Radovan ọ̀gá mi ń wo fóònù,
ó ń wo iye tí áúǹsì kan ń lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀,
torí fàdákà kì í dúró lórí ọ̀rọ̀ àná;
iye tó ń jẹ́ kí o tó bu tíì,
kò ní jẹ́ ẹ mọ́ tí o bá fi máa mu ún tán.

Mo da agolo náà sórí aṣọ dúdú.
Dáìmù, kúọ́tà, ààbọ̀ dọ́là,
wọ́n dún ṣìn-ìn, wọ́n ń dún lọ,
ohùn tí owó òde òní kò ní.
Owó òde òní á dún kọ̀, bí ṣíbí tó já bọ́.

Ọdún 1964 ni ààlà.
Èyí tó bá kọjá ibẹ̀, ẹ gbé e sẹ́yìn:
fàdákà lójú lásán ni, bàbà ló wà nínú.
Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí i tí etí rẹ̀ ń pọ́n
bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Lempi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.
"Bàbá mi ló wa bàbà yẹn.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lábẹ́ òkè yìí,
ó wa bàbà, ó wa bàbà,
títí ìjọba fi ki bàbà sínú owó tí wọ́n ń san fún un.
Ọjọ́ tó rí i, ó ṣépè lédè Finland,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa fàdákà pamọ́.
Alaalẹ́ ló ń tú àpò ṣòkòtò sórí tábìlì,
tó ń yẹ etí owó wò
bí ẹni ń yẹ eyín ẹṣin tó fẹ́ rà."

Òòfà kò fa ọ̀kankan nínú wọn.
Mo ń ka orí: orí ààrẹ, orí ààrẹ,
orí obìnrin tó dé fìlà abìyẹ́.
Ká má tan ara wa, iṣẹ́ wa nìyí,
orí là ń rà, orí là ń tà.
Tó bá di Ẹtì, a ó dì wọ́n sínú àpótí, ó di ibi iná,
gbogbo orí á di omi kan ṣoṣo.

Ọ̀kan kò lórí mọ́.
Kúọ́tà ni, ó dán bí òkúta ìsàlẹ̀ odò,
kò lọ́dún, kò ní lẹ́tà.
"Ìyẹn ló máa ń mú wọ kòtò," Lempi wí.
"Bí àgò irin bá ti ń gbé wọn já sísàlẹ̀,
á máa fi àtàǹpàkò nù ún nínú òkùnkùn."

Mo gbé e ka òṣùwọ̀n.
Gíráàmù márùn-ún àti díẹ̀. Ó yẹ kó lé ní mẹ́fà.
Èyí tó wọ́n jù ló fúyẹ́ jù.
Mo ń ronú ibi tí ìyókù wọlé sí:
ìránpọ̀ àpò kan,
ìka ọkùnrin kan tí wọ́n ti sin,
kòtò kan tí omi ti kún.
Ta ni yóò san owó ìyẹn?

Mo wo Lempi. Mo fi ìka tì í sápá kan.
"Wọ̀n ọ́n mọ́ wọn," ó ní.
"Ẹ̀rọ tó ń mú ilé mi gbóná ti kú láti Àbámẹ́ta.
Owó kì í ṣe òkú, má bá mi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀."

Ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé mẹ́rìnlélógún, àti ṣẹ́ńjì.
Ó ka bébà lẹ́ẹ̀mejì.
Nínú kúọ́tà tuntun mẹ́ta tí mo fún un,
ó mú ọ̀kan, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó fi àtàǹpàkò ra etí pípọ́n náà,
ó sọ ọ́ sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Yìnyín wọlé bó ṣe ń jáde.
Mo lọ mú ìgbálẹ̀.