Igi Karùn-ún

Ọyẹ́ ṣì wà lórí ewé kajú, Àwẹ̀ró,
irin rélùwéè ò tíì gbóná.
O ti fa okùn gàárì le? Tún un fà.
Eérú a máa fẹ́ ikùn tí wọ́n bá ń dì í,
ọgbọ́n àgbà ẹṣin ni,
ó dìgbà tó o bá gùn ún tán kó tó mí síta.

Má sọ fún mi pé o mọ ẹṣin í gùn.
O mọ bí a ṣe ń jókòó. Ìyẹn yàtọ̀.
Ó yá, fẹsẹ̀ kàn án níkùn. Jẹ́ kó sá.

Kò-kò. Kò-kò.
Ṣó o gbọ́ ọ? Ẹsẹ̀ méjì ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà,
ọ̀tún iwájú pẹ̀lú òsì ẹ̀yìn,
bí obìnrin méjì tó ń gúnyán nínú odó kan,
ìwọ wá jókòó sínú odó, eyín rẹ ń pa ara wọn.
Má bá a jà. Dìde fún kò àkọ́kọ́,
bà fún ìkejì,
mo ní bà, má já lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì:
ẹ̀yìn ẹlẹ́yìn lo jókòó lé.

Wọ́rú ará Paraku tó kọ́ mi kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí.
Ó yọ irin ìtẹsẹ̀ lára gàárì mi fóṣù mẹ́ta,
ó lọ ń jẹ obì lábẹ́ igi.
Orúnkún mi tó ń dún lójò, ọdún yẹn ni.
N kò ní ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀.
Bóyá ó yẹ kí n ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó dára. Igi tíkì mẹ́rin wà nílẹ̀, o ti mọ̀ wọ́n.
Lónìí mo gbé ìkarùn-ún lé táyà méjì,
kò ga ju orúnkún ewúrẹ́ lọ.
Má wò ó. Igi tó o bá ń wò lẹṣin yóò dúró sí.
Wo Òkè Sábẹ̀ẹ́, níbi tí òkúta ti forí kan kùrukùru,
dìde díẹ̀, di gọ̀gọ̀ mú,
jẹ́ kí ìjánu máa tẹ̀lé ẹnu rẹ̀.

Wọ́n ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.
Òótọ́ ni. Wọn ò kàn sọ
bó ṣe lè pẹ́ tó lókè kó tó bọ̀.

Kò-kò, kò-kò, kò

Ó dákẹ́.
Ìdákẹ́ kékeré yẹn,
ogójì ọdún rèé, n kò tíì gbọ́ ọ yó.

Fìlà rẹ ti bọ́. O ń rẹ́rìn-ín.
“Bàbá, ṣé mo wo òkè?”
O dijú ni, Àwẹ̀ró.
Yí i padà. Ká tún un ṣe.