Oníbàárà Abẹ́lẹ̀

Sátidé, mo fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀,
mo di oníbàárà ní Alágbàka:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, owó ojú.

Mo béèrè oògùn ikọ́;
kò síkọ́ lọ́fun mi.
Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí wọ́n tó dá mi lóhùn.
Mo ka orúkọ àyà rẹ̀: Ìbídùnní.
Kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó mumi.
"Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, Bàbá? Èyí ò ní bá yín lára mu,"
ló bá fa àga tirẹ̀ fún mi.

Nínú takisí Ọjà Ọba, mo ṣí fóònù:
Ǹjẹ́ ó rẹ́rìn-ín? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́.
Wọn ò bi mí léèrè àga.
Ẹni bá purọ́ kò ní gbowó,
gáàsì sì ti tán nílé láti Ọjọ́rú.

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Ni ikọ́ bá dé, ikọ́ gidi.