Ohun Tí Kò Sí Nínú Rìsíìtì

Èmi ni mo ń kọ ìwé owó bàbá mi.
Irin àti igi ni tirẹ̀, ìṣirò ni tèmi.
Bí yìnyín bá ti bo orí òkè Karawanken,
màá jókòó ti sítóòfù, màá máa ka wákàtí
tí Gotthard Mikusch kò ní kà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹwàá, Ọ̀gbẹ́ni Zwettler dé.
Onípákó ni, ìyẹ̀fun igi ṣì wà létí bàtà rẹ̀.
Ó ní, "Ẹgbàá yúrò ni ọ̀kan ní Klagenfurt,
ó ń dún, ó sì ń pa ẹran.
Kí ló dé tí tiyín fi jẹ́ ẹgbàá mẹ́sàn-án?"

Bàbá mi ò fèsì. Ó tan fìtílà kékeré,
ó na irin ìbọn sókè ahọ́n iná títí ó fi dúdú,
ó rọra tẹ̀ ẹ́ sínú igi, ó gbé e kúrò.
Ibi tí dúdú bá ti kan igi, ibẹ̀ ló ga jù,
ibẹ̀ ni ṣíṣẹ́ẹ̀lì yóò ti bù,
ìbù tó fẹ́lẹ́ ju èékánná ọmọ ọwọ́.
Lẹ́yìn náà: iná, èéfín, ìtẹ̀, ìbù.
Lẹ́yìn náà: iná.
Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ kan dé igba ó lé mọ́kànlá,
ni oorun bá gbé mi lọ.
Títí irin á fi jókòó bí eyín nínú erìgì.

Ọ̀gbẹ́ni Zwettler wò ó. Ó yíjú sí mi.
"Ẹ gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀."
Mo ní, "Igi yìí lo ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó wó,
ó lo méjìlá lókè àjà wa kó tó gbẹ.
Èwo nínú ọdún wọ̀nyẹn ni ká gé?"
Ó rẹ́rìn-ín. Onípákó kúkú ni.
Síbẹ̀ kò yé ná an. Mo yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, a bọ ọwọ́.

Lóru, mo pín owó náà sí wákàtí.
Mo yọ ti irin, mo yọ ti Roswitha tó fín àgbọ̀nrín sí i,
mo yọ ti ìjọba tó ń yìn ín wò kó tó lu òǹtẹ̀.
Ohun tó kù fún bàbá mi ní wákàtí kan
kò tó ti ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní igun òpópó wa.
Mo fi hàn án. Ó ní, "Búrẹ́dì rẹ̀ dùn."

Ní oṣù Kejì, nígbà tó ku òróró nìkan,
òróró tí à ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa, tí à ń dúró, tí à tún ń pa,
ó gbé ìdí ìbọn náà sójú fèrèsé, ó rí ìlà kan.
Ìlà! Irun orí nípọn jù ú lọ.
Abẹ́ irin ló wà, níbi tójú ẹnikẹ́ni ò lè dé
àfi tó bá tú ìbọn palẹ̀.
Mo ní, "Bàbá, gọ́ọ̀mù díẹ̀."
Mo ní, "Ta ló máa rí i?"
Ó wò mí bí ẹni tí mo jí ohun rẹ̀.
"Èmi," ló wí,
ó sì gun òkè àjà lọ mú igi mìíràn.

Ọ̀gbẹ́ni Zwettler gba ìbọn rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún.
Ó gbé e léjìká, ojú rẹ̀ bá ojú ìbọn pàdé lọ́gán,
ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.
Ó ka owó pé. Ó gba rìsíìtì.
Ó tún bèèrè àpò ìbọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Nínú ìwé tèmi, mo fi báírò pupa kọ ọ́:
ìdí ìbọn kan, wákàtí mẹ́rìndínláàádóje, òfo.
Bàbá mi ti fi ayùn rẹ́ ẹ sí mẹ́rin,
a ti kó o sí sítóòfù lálẹ́ tí yìnyín ìkẹyìn bọ́.
Òróró inú rẹ̀ jẹ́ kó jó dáadáa.
Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i, mo ń yá iná
tó wọ́n jù lọ ní gbogbo Ferlach.