Dókítà Tí Kì í Gún Abẹ́rẹ́

Ní Òkèlélé, dókítà tí kì í gún abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí.
Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àlájà Ṣẹ̀rífá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ara ọmọ gbóná janjan.
Mo ní, "Ẹ tètè gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà."
Ó wò mí tìtì.
"Ọdún mélòó lo tún ní o fi kàwé?"

Mọ́kànlá, Àlájà.
Lẹ́yìn náà, méjì sí i ní ìlú òtútù,
níbi tí mo ti ń fọ ìgò fún àwọn ọmọ tí mo jù lọ.
Mo padà wálé. Wọ́n fún mi ní yàrá kan ní Tankẹ,
fíríìsà kan, àti awò tí ń sọ kékeré di ńlá.

Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wò níbẹ̀.
Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto bí ẹnu ìkòkò
ló tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé.
Mo kán oògùn sí i, mo ní kó na ẹ̀yìn díẹ̀.
Kò gbọ́.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: kò gbọ́.
Oògùn kẹtàdínlógójì nìyẹn.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi.
Bó bá sun ìkòkò ọgọ́rùn-ún mọ́jú, tí ogún sán,
kì í ráhùn. Á gbá àpáàdì jọ, á gún un kúnná,
á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun.
Ó ní ìkòkò tó jẹ àpáàdì kì í tètè bẹ̀rù iná.

Àná, iná lọ ní aago méjì òru.
Mo wọ bàtà tí kì í ṣe ìkejì ara wọn,
mo gun ọ̀kadà, kẹ́ẹ̀gì dísù láàárín èmi àti ọlọ́kadà,
kí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta má baà yọ́ dànù.
Ó bi mí, "Ta ló wà ní ọsibítù?"
Mo ní, "Àbúrò mi."

Sáká ti lọ nígbà tí mo wà ní ìwé kẹta gíráámà.
Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń pè é;
láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀la kò dé.
Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń kọ
sára ìgò kìíní, nínú gbogbo ìdánwò.

Jẹnẹrétọ̀ kọ́kọ́ kọ̀.
Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹfà.