Fayolíìnì Gbèsè

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi.
Ó ru aṣọ àwìn dé Kàbbà, ó ru ú kọjá Ìkàrẹ́.
Nígbà tí oṣù pé, ó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà akọ̀wé kan
tí iṣẹ́ ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
"N kò ní kọ́bọ̀," akọ̀wé wí.
"Èmi náà ò ní ìdìde," bàbá àgbà fèsì.
Ilẹ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀. Adìyẹ wọlé.
Ni akọ̀wé bá gbé àpótí dúdú kan jáde,
ó rí bíi pósí ọmọ ìkókó.

Bí ọ̀kẹ́sítírà ṣe dé Iléṣà nìyẹn.
Ẹni tó bá ní òyìnbó ló gbé e wá, ẹ ní kó wá bi mí.

Ọdún mẹ́ta ló fi wà lórí àjà.
Eku nìkan ló ń ta okùn rẹ̀ lóru,
ìyá àgbà á ní, "Ẹ gbọ́, gbèsè yẹn tún ń sunkún."

Bàbá mi, Gídíónì, ló sọ ọ́ kalẹ̀.
Oríòwò tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mú un lọ́wọ́:
"Orin ti wà lẹ́nu rẹ, ìwọ ọmọ yìí. Pe orúkọ ilé yín.
Fá-mú-re-wá.
Mí, mí, re, mí.
Ó yá, fi ọrun wá a lórí okùn."
Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ orúkọ wa lóṣù yẹn
títí wọ́n fi bẹ̀ wá.

Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.
Ọjọ́ kìíní: ènìyàn mẹ́rin, àga mẹ́ta.
Àlùkò aránṣọ há ṣẹ́lò sáàárín orúnkún
bí ẹni di ọmọ mú fún abẹ́rẹ́.
Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé ti iṣẹ́ òru bọ̀, ó fọn fèrè lórí ìdúró.
Ìbídàpọ̀ iléeṣẹ́ ọtí ló gbé báàsì,
òórùn ìwúkàrà ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.
Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti di mọ́kàndínlógójì,
èmi ni mò ń fi pẹ́ńsù da orin kọ,
ìwé kan fún ẹni méjì, torí ìwé wọ́n.

Ọdún tí kòkó gbówó lórí, gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé.
Iná lọ láàárín orin kejì.
Bàbá mi ò dúró. A ò rí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ mọ́,
àmọ́ a ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ìyẹn la tẹ̀ lé.
Nínú òkùnkùn náà, fèrè idẹ kan ṣèèṣì wọlé ṣáájú.
Gbogbo wa yà, a bá a lọ, a ò jẹ́ kó dá nìkan ṣìnà.
Mo ti gbọ́ orin tó péye láti ìgbà náà.
N kò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó àṣìṣe yẹn.

Lẹ́yìn náà, ojú ewé ń fúyẹ́.
Kò wá. Kò wá. Ó ti lọ Họ́sítìn. Kò wá, òjò.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Àlùkò, bàbá mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan,
àmì ìdákẹ́ ló fà síbẹ̀, irú èyí tí à ń fà sínú orin,
èyí tó gùn jù.

Ọyẹ́ la ikùn ṣẹ́lò.
Okùn kẹrin fayolíìnì já,
wáyà bíréèkì ọ̀kadà ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ó ń han.

Lánàá, ọmọbìnrin kan wá láti Ìsọ̀nà.
Mo ní n kì í kọ́ ènìyàn mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn.
Nígbà tí mo jáde ní ìrọ̀lẹ́ láti gbá ẹnu ọ̀nà,
ó wà níbẹ̀, ó lóṣòó, ó gbé bàtà rẹ̀ lé itan.
Mo ní kó dìde.
Ó ní òun ò ní ìdìde.

Láti alẹ́ àná ni mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ àpótí.