Kòkòrò Inú Ojú

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, yìnyín kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní Tampere,
òjò lásán ló ń rọ̀.
Páálí rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn wa lọ.
Eetu, ọmọ aládùúgbò, di ìdí rẹ̀ mú, Taisto di orí,
wọ́n ń gùn bọ̀ wá sí àjà kẹrin
bí àwọn tó gbé pósí tí wọ́n ṣìnà ibojì.
Mo dúró lókè, mò ń ka àtẹ̀gùn fún wọn:
"Ó ku mẹ́sàn-án. Ẹ rọra.
Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn nìyẹn o."

Ínǹṣì mẹ́tàlélógójì. Ẹgbẹ̀ta yúrò.
Mo bi í léèrè: kí ni ẹni tó ti fẹ̀yìn tì
fẹ́ fi ojú kọ̀ǹpútà tó tó tábìlì oúnjẹ ṣe?
Ó ní ìsàlẹ̀ adágún ni.
Ó ní ogójì ọdún lòun fi wọ̀n ọ́n, tí òun fi yà á,
òun ò rí i lódidi rí,
àfi lábala lábala, bí ẹni tó ń yọjú wo ìyàwó rẹ̀
láti ihò kọ́kọ́rọ́.
Mo ní: èmi rèé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Kò sí ibi tó gbà á ju iwájú fèrèsé lọ,
fèrèsé tí mo fi ń mọ ẹni tó ń wọlé, ẹni tó ń jáde.
Bẹ́ẹ̀ ni ojú kan ṣe bo ojú kan.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí i,
lókè, lápá òsì: àmì kan, dúdú, kò tó orí abẹ́rẹ́.
Mo fi aṣọ nù ún. Mo fi èékánná họ ọ́.
"Taisto, kòkòrò wọ ojú ẹ."
Ó wọ awò rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó dákẹ́ pẹ́.
Mo ní ojúkòkòrò gan-an nìyẹn,
ẹgbẹ̀ta yúrò lo fi rà á.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wa láti dá a padà.
Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, Eetu ti wọ iṣẹ́ ológun,
ológbò ti fa páálí ya.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mọ́. A ò sọ nǹkan kan.

Mo lọ kí Hilkka àbúrò mi ní Turku,
ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dà bí páálí ìṣáná lójú mi.
Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.
Tèmi rí ọ̀sà, díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín.

Oṣù kọkànlá dé.
Oòrùn ń yà wá bí àlejò tí kò fẹ́ bọ́ bàtà.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Mo gbé òwú tí mò ń hun, mo jókòó ti ojú ńlá yẹn
torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà.
Ológbò sùn sẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Adágún na gbogbo ara rẹ̀ síwájú wa, aró lórí aró,
mo sì rí igun tí ọkọ̀ bàbá mi dojú dé sí.
Mítà mọ́kànlélógún.
Láti kékeré ni mo ti rò pé ibẹ̀ kò nísàlẹ̀.

Àmì dúdú yẹn bọ́ sórí omi nítòsí ibẹ̀ bí ọkọ̀.
Taisto rí ojú mi, ó rọra sún àwòrán náà.
Adágún lọ. Ọkọ̀ kò kúrò.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ojú òwú méjì ti já bọ́ lọ́wọ́ mi,
mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn.