Kí Abẹ́rẹ́ Tó Wọlé

Òjò kì í jìnnà sí òrùlé ní abúlé wọn ní Wéèsì.
Gwenllian tẹ́ aṣọ sórí tábìlì: pupa yòò, funfun báláú.
Mair, àbúrò rẹ̀, kò tíì jókòó tó fi ní:
"Fọ̀ wọ́n ná. Irọ́ ni aṣọ tuntun ń pa
títí omi yóò fi bi í léèrè ìwọ̀n ara rẹ̀.
Ṣé o ti gbàgbé ti Màmá?"

Kò gbàgbé. Ìbora alábùlẹ̀ tí wọ́n rán ní àìfọ̀,
ìfọ̀ kan péré,
pupa ya wọ ilé funfun láìkan ilẹ̀kùn.
Màmá sunkún nídìí okùn ìsáṣọ.
Àwọn méjèèjì ló sùn lábẹ́ rẹ̀ fún ogún ọdún,
ibi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn
ni wọ́n ń pè ní ìdájí.

Omi àkọ́kọ́ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún.
Èkejì, bíi tíì tí kò ní mílíìkì.
Ẹ̀kẹta mọ́. Mair mi orí, ó lọ gbé kẹ́tùlù kaná.

Kó tó padà dé,
Gwenllian ti gé pupa kan tí kò tíì fojú kan omi,
kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ,
ó fi í sí àárín gbùngbùn funfun.
Abẹ́rẹ́ wọlé.
Kò sọ fún Mair.